Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Kábíyèsí Nínú Sinimá

Ọba kan ń gbé inú ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré, ṣùgbọ́n aṣọ ló ń rán jẹun. Bàbá Kékeré ni àwa ọmọdé ń pè é, nítorí àbúrò bàbá mi ni. Ràṣídì lorúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò wa ní Ọ̀fà, láti orí obìnrin tó ń din àkàrà dé orí lèmọ́mù, Kábíyèsí ni wọ́n fi ń kí i. Ìdílé wa kì í ṣe ìdílé ọba. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kí wọ́n tó bí mi, ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ eléré kan tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, ó sì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn kó tó padà wálé. Nígbà tó dé, ó ní òun ti ṣe ọba nínú sinimá. Kò sẹ́ni tó rí sinimá náà nínú ilé. Ó ní Èkó àti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e jáde, kò dé ọ̀dọ̀ wa, kò sì di kásẹ́ẹ̀tì tí èèyàn lè rà lọ́jà. Ewú ti wà lórí mi báyìí, mo sì ti mọ̀ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló máa ń pẹ́ jù láyé, ìtàn tí ẹni tó ń sọ ọ́ nìkan jẹ́ ẹlẹ́rìí. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ ni pé ọba wà nílé wa, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé ìwé kò sì ní.

Ilé wa kì í dákẹ́. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà tán ni àkùkọ Ìyá Àgbà ti máa ń bá wọn dá sí i. Ìyá Àgbà ni ìyá bàbá mi, òun ló sì ni ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ bàbá mi ló wà lára ògiri. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìró páànù ni yóò gba gbogbo iwájú ilé, nítorí páànù ìkọ́lé àti ìṣó ni bàbá mi ń tà, bí wọ́n bá sì ń já ẹrù, èèyàn kò ní gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ. Lábẹ́ ariwo yẹn, tí o bá fetí sílẹ̀ dáadáa, wàá gbọ́ máṣìn Bàbá Kékeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, yóò dúró díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ a máa gbálẹ̀, a máa fa omi nínú kànga, a máa fọ ìkòkò tí wọ́n fi ro ẹ̀kọ àná. Màmá mi ló ń pín iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó yọ sílẹ̀ àfi ẹnì kan. Lọ́jọ́ kan tí omi tán nínú àmù, tí gbogbo wa sì ti lọ sí ilé ìwé, màmá mi ní kí Bàbá Kékeré bá òun fa omi díẹ̀. Kó tó dìde, Ìyá Àgbà ti ń béèrè láti inú yàrá pé ìlú wo ni wọ́n ti ń rán ọba lọ sí ìdí kànga. Màmá mi fúnra rẹ̀ ló fa á. Ó sọ fún mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé bí òun ṣe ń fa okùn yẹn, òun ń rò ó lọ́kàn bóyá wọ́n ń rán ọba lọ sí balùwẹ̀.

Ìtàn náà sì ń dàgbà bí àwa náà ṣe ń dàgbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, adé orí rẹ̀ jẹ́ adé lásán. Nígbà tó yá, adé náà wúwo débi pé ọrùn ń dùn ún. Ẹṣin kan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo fi dé kíláàsì tó tẹ̀lé e, ẹṣin ti di ọ̀wọ́. Ohun kan ṣoṣo tí kì í yí padà ni ọ̀rọ̀ tí ọba sọ fún àwọn ará ìlú nínú sinimá náà. Tí a bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, tí iná kò sí, a máa ní kó sọ ọ́ fún wa. Yóò yọ tépù ìwọnṣọ kúrò lọ́rùn, yóò dìde, ohùn rẹ̀ yóò sì jìn bíi pé láti ìsàlẹ̀ àmù ló ti ń bọ̀: "Ẹ̀yin ará ìlú mi, ilẹ̀ tí ẹ ń jà sí yìí kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú yín. Ẹ̀yin lẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́n jù nínú yín ni kó kọ́kọ́ dákẹ́." Kò ṣì í sọ rí. Ó mọ ibi tó yẹ kó ti mí, ó mọ ibi tó yẹ kó ti gbójú sókè. Ìyá Àgbà a máa mi orí, a sì ní inú tí òun fi gbé ọmọ yẹn kì í ṣe inú lásán.

Bàbá mi kì í bá wọn dá sí i. Alhaji ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan màmá mi. Òun ni àkọ́bí. Ní gbogbo ìgbà tí àbúrò rẹ̀ fi ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, òun ló wà pẹ̀lú bàbá wọn lóko ní ọ̀nà Ìjàgbó, tó ń kọ ebè ànàmọ́. Kì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń ráhùn. Ṣùgbọ́n tí Kábíyèsí bá ti ń sọ̀rọ̀ adé, bàbá mi yóò wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, yóò ní, "Ó dára. Gbogbo wa kọ́ ló lè jọba. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ro oko." Lẹ́yìn náà ni yóò dìde lọ ṣe àlùwàlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tó àkókò ìrun. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń jà nílé wa, ẹnì kan kì í di ẹnì kan mú níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń ṣubú.

Ọdún tí mo ń sọ yìí ni ojú Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri kó tó dé ilé ìdáná, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ló sì fi ń pè mí títí màá fi sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ní awọ ti bo ojú náà, pé iṣẹ́ abẹ ni yóò ṣí i. Ó ní kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀bẹ kan ojú òun. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn ọmọ Ọ̀fà kan tó ń gbé lẹ́yìn odi pinnu láti ṣe àjọ̀dún sinimá àtijọ́ nílé. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, wọn yóò máa fi àwọn fíìmù tó gbayé nígbà tí àwọn òbí wa wà ní ọ̀dọ́ hàn nínú gbọ̀ngàn kan, ọ̀fẹ́. Mọ́tò kan ń fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ káàkiri, wọ́n sì lẹ pósítà mọ́ ògiri wa láìtọrọ àyè. Ìyá Àgbà ní kí n ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Mo ń ka orúkọ àwọn fíìmù náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé orí èyí tó kẹ́yìn, máṣìn tó ń dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Fíìmù Bàbá Kékeré ni.

Inú gbogbo ilé dùn, àfi ti ẹni tó ni ìdùnnú náà. Lọ́jọ́ kejì, Kábíyèsí ní aṣọ àwọn ọmọ ilé ìwé pọ̀ lọ́wọ́ òun. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní irú àwọn fíìmù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń bàjẹ́, pé èèyàn kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀ ju bíi pé òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ibà dé. Ó da aṣọ bora nínú ooru, màmá mi se ewé dógóyárò fún un, ó sì mu kíkorò náà láìfajúro, bí ọba ṣe yẹ kó mu ún. Èmi rò pé ìtìjú tó máa ń bá àwọn gbajúmọ̀ ló ń bá a jà, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Bàbá mi, tí kì í béèrè nípa ara ẹnikẹ́ni lẹ́ẹ̀mejì, ń béèrè nípa ti àbúrò rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì lọ ra oògùn ibà wálé. Ó ní òun náà yóò bá wa lọ wo sinimá. Bàbá mi, tó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú pé iṣẹ́ àwọn tí kò níṣẹ́ ni sinimá.

Ìyá Àgbà ló parí ọ̀rọ̀ náà. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ rẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú, ó fi oríkì pè é. "Àlàmú," ó wí, "ojú tó kù sí mi lára yìí, mi ò mọ̀ bóyá yóò bá mi dé ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ ni mo fẹ́ fi wò kó tó lọ. Dìde." Ibà náà fò lọ lójú ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, a tètè dé. Wọ́n ti ta aṣọ funfun gbàràmù kan sára ògiri iwájú, wọ́n sì ti fi aṣọ dúdú dí gbogbo fèrèsé, ooru inú gbọ̀ngàn náà sì tó èyí tí èèyàn fi lè ro ẹ̀kọ. Ẹ̀rọ tó ń ju àwòrán sára aṣọ náà wà lórí tábìlì ní àárín gbọ̀ngàn, wọ́n fi ọ̀nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá. Jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù níta. Ìyá Àgbà gbé ànàmọ́ sísè àti ata díndín dání nínú kúlà, nítorí ó ní èèyàn kì í lọ jókòó ti ọba kí ebi máa pa á. Ìròyìn ti ṣáájú wa dé ibẹ̀. Àga iwájú ni wọ́n fi wá sí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú sì kéde pé ọ̀kan lára àwọn tó ṣe fíìmù ìkẹyìn wà láàárín wa, ọmọ bíbí ìlú yìí, kó jọ̀ọ́ kó dìde kí a rí i. Bàbá Kékeré dìde bí ẹni tí adájọ́ fẹ́ ka ẹjọ́ rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́. Bàbá mi ló pàtẹ́wọ́ pẹ́ jù.

Fíìmù àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdẹ kan tó fẹ́ ìyàwó láìbéèrè ibi tó ti wá. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ohùn rẹ̀ lọ, tó ku àwòrán nìkan, làwọn àgbà tó ti wò ó rí bá ń sọ ọ̀rọ̀ sí ọdẹ náà àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu láti orí àga, tí wọ́n sì ń bára wọn jiyàn lórí ohun tí ìyàwó wí. Èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ ti orogún, àwọn obìnrin tó wà lẹ́yìn wa sì bá ìyáálé inú fíìmù náà jà débi pé tó bá jẹ́ pé ó gbọ́, ì bá ti kó ẹrù rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kú, wọ́n jí i. A jáde lọ kí ìrun Àílà, a padà wọlé, a jẹ ànàmọ́ wa. Mo ti jókòó nínú àwọn gbọ̀ngàn sinimá tó tutù, tí àga rẹ̀ rọ̀ bí òwú, láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí ibi tí àwọn òǹwòran ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tí fíìmù kan bá ti parí, Bàbá Kékeré yóò ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Bàbá mi yóò dìde bá a lọ, kó má baà ṣìnà, yóò sì bá a padà wọlé.

Lẹ́yìn ìrun Àlàásàrì ni fíìmù tiwa bẹ̀rẹ̀. Ìlú méjì ń jà sí ilẹ̀. Kò pẹ́ púpọ̀ tí fèrè fi dún, ọba sì jáde láàfin. Ọba náà sanra, ó pupa, ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ kí adé rẹ̀ tó yọ. Bàbá Kékeré dúdú, ó sì tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ tó fi ń ránṣọ. Ìyá Àgbà béèrè bóyá ọmọ òun nìyẹn, ó sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé kì í ṣe òun. Bàbá Kékeré tẹ̀ sí i, ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ó jọ pé wọ́n ti gé tòun kúrò, pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ òṣèlú inú ẹgbẹ́ eléré ni. Bàbá mi ká ọwọ́ lé àyà. Mo rí i pé ó ń gbádùn sinimá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Wọ́n gbé òkú kan wá síwájú ọba lórí ẹní, ọ̀kan nínú àwọn tó kú níbi ìjà ilẹ̀ náà. Wọ́n fi aṣọ bò ó láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀. Ọba na ọwọ́ sórí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú mi, ilẹ̀ tí ẹ ń jà sí yìí kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú yín." Ẹnu mi ń bá a lọ. Gbogbo àwa ọmọ ilé wa ló ń bá a sọ ọ́, a sì mọ̀ pé ẹni tó ń rán aṣọ nílé wa mọ̀ ọ́n sọ jù ú lọ. Ìyá Àgbà kò wo ọba. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ojú rẹ̀ tí kì í mọ̀ mí yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi wà ní ìsàlẹ̀ aṣọ náà, níbi tí ẹsẹ̀ òkú ti yọ síta, ẹsẹ̀ tó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ, tí àtàǹpàkò ọ̀kan rẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àlàmú mi nìyẹn," ó wí.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, ẹ̀rín náà sì ràn. Ó ràn láti ìlà dé ìlà. Bàbá mi pàápàá ti la ẹnu láti rín ẹ̀rín tó ti ń tọ́jú láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ìgbà náà làwọn ọkùnrin mẹ́rin inú fíìmù gbé òkú náà lé èjìká, tí ẹkún sì sọ. Ìyá Àgbà dìde. Ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá lè gbọ́ pé níbo ni wọ́n ń gbé e lọ. Bàbá Kékeré kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Ìyá, èmi rè é. Mo wà níbí." Ìyá fi ọwọ́ ti orí rẹ̀ sápá kan, bí èèyàn ṣe ń ti kọ́tìnnì, kó lè rí ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ sí sàréè.

Ẹ̀rín bàbá mi kò jáde. Ó dìde, ó gba ọ̀nà àárín lọ, ó dúró síwájú ẹ̀rọ náà gan-an, ó sì na apá agbádá rẹ̀ méjèèjì. Aṣọ funfun iwájú ṣókùnkùn. Kò sí sàréè mọ́, kò sí òkú, òjìji bàbá mi nìkan ló kù níbẹ̀, ó ga dé òkè àjà. Àwọn èèyàn ń pariwo pé kó jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin elẹ́rọ náà wá bá a pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ń dí wa lójú.

"Ẹ sin òkú yín tán ná," bàbá mi wí. "Tí ẹ bá ti sin ín tán, ẹ sọ fún mi, màá jókòó."

À ń gbọ́ tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀, à ń gbọ́ ẹkún. Mo yíjú sẹ́yìn, mo sì rí ohun tí n kò tíì gbàgbé: lára agbádá funfun bàbá mi, tó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ náà ń là á kọjá, àwọn ọkùnrin kékeré mẹ́rin ń gbé òkú àbúrò rẹ̀ kọjá láti èjìká kan sí èkejì, òun kò sì wò wọ́n. Nínú òkùnkùn iwájú, Ìyá Àgbà ti rí orí ọmọ rẹ̀ tó wà láàyè. Ó ń fi ọwọ́ wo etí rẹ̀, imú rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó.

Ọmọ Ọ̀fà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ṣòfò. Kó tó di Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, bàbá mi tó kórìíra sinimá ni wọ́n ń kí bí òṣèré. Àwọn tó wá ra páànù ń béèrè ìgbà tí yóò tún jáde. Bàbá Kékeré ń jẹ́ Kábíyèsí lọ, nítorí orúkọ tó bá ti mọ́ ni lára kì í gbọ́ ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi ni bí a ṣe rìn bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ìyá Àgbà wà níwájú, ó di apá màmá mi mú. Àwọn ọkùnrin méjèèjì wà lẹ́yìn, èmi wà láàárín wọn.

Bàbá mi ló bi àbúrò rẹ̀ pé báwo ló ṣe pẹ́ tó lórí ẹní yẹn, lábẹ́ aṣọ. Bàbá Kékeré ní láti òwúrọ̀ ni, títí oòrùn fi wọ̀. Ó ní ẹni tó ṣe ọba kò lè há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, tó bá sì ti ṣì í sọ, wọn yóò ní kí gbogbo èèyàn padà sáyè rẹ̀. Òun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí ọba tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣe òun bíi kí òun sọ ọ́ sí i létí láti abẹ́ aṣọ.

"Wọn ò sì fún ọ lómi?" bàbá mi béèrè.

"Bọ̀dá mi, òkú kì í mu omi."

Bàbá mi dúró. Ó fi ọwọ́ ti ògiri ilé onílé, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rín in. N kò tíì gbọ́ kí àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín pọ̀ rí. Níwájú wa, Ìyá Àgbà ti dúró, kò yíjú padà. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ irọ́ náà ló kàn.

"Àlàmú."

"Ìyá."

"Má ṣe é mọ́."

Ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun ni, ṣùgbọ́n ó dọ̀bálẹ̀ sínú erùpẹ̀ lójú títì. "Mi ò ní kú mọ́, Ìyá," ó wí.

Nínú gbogbo ohun tí Bàbá Kékeré sọ nílé wa, èyí ni kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀. Ó mú un ṣẹ títí Ìyá Àgbà fi lọ.